Òdo Tí Kò Gbọdọ̀ Yẹ̀

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wíwọn ìfúnpọ̀ inú agbárí ti kọjá kí wọ́n tó dá ihò sí agbárí rárá. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ á mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Á tẹ́ ẹ sínú omi díẹ̀ tí kò ní kòkòrò, kò ní jẹ́ kó rì jìn, á sì ní sùúrù títí ẹ̀rọ á fi ka òdo. Nọ́mbà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde nígbà náà, wọ́n á kọ ọ́ sí ìdí wáyà, kí ẹ̀rọ mìíràn lè bá a mu bí aláìsàn bá kúrò ní tíátà. Irú wáyà yìí, bó bá ti wọlé, kò ṣeé dá padà sí òdo mọ́. Àṣìṣe ìdí omi yẹn á bá aláìsàn dé orí bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ á sì máa gorí ọjọ́ tí nọ́mbà á máa parọ́.

Irọ́ yẹn léwu, torí agbárí àgbàlagbà kì í fẹ̀. Ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti omi ló jọ ń pín inú rẹ̀; bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, òmíràn ní láti sún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìfúnpọ̀ á ga. Fún àgbà tó dùbúlẹ̀, ìfúnpọ̀ 7 sí 15 mmHg ló tọ́. Bó bá kọjá 22 lára ẹni tó forí ṣèṣe, ìlànà àjọ Brain Trauma Foundation ti ọdún 2016 ní kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀.

Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan, Nils Lundberg, ní ìlú Lund ní Sweden, gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí aláìsàn 143 jáde lọ́dún 1960. Kò wọn ìfúnpọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan kó máa lọ. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fa ìlà lórí bébà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Báyìí ló ṣe rí i tí ìfúnpọ̀ ń ta sókè kọjá 50, tí á dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 20, kó tó wálẹ̀. Mo kan sáárá sí sùúrù yẹn gan-an.

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í wo nọ́mbà nìkan. Bí ọkàn bá ti lù, ìlà ìfúnpọ̀ lójú ẹ̀rọ á yọ ṣóńṣó mẹ́ta, èyí àkọ́kọ́ ló sì yẹ kó ga jù. Bí ìkejì bá borí rẹ̀, àyè ti ń há mọ́ ọpọlọ, bí nọ́mbà ò tiẹ̀ tíì burú. Ọrùn ni nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ wò, torí ọrùn tó wọ́ á fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí pọ̀. Á tọ́ ọ, á gbé ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì sókè, á tún ìlà náà wò, kó tó ké sí dókítà.