Ọ̀dà Ọjọ́ Wo?

Bí ẹni tó ni bàlúù ogun àtijọ́ bá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, tó ní ká bá òun kùn ún, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ọ̀dà ọjọ́ wo lẹ fẹ́?" Àwọn kan á wò mí bí ẹni tó ń wá bí òun ṣe máa fowó lé iṣẹ́. Lójú tiwọn, Spitfire ṣáà ni Spitfire. Èmi ò gbà.

Ẹ wo Spitfire N3200, bàlúù ìjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Duxford. Ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1940, nígbà ìjà Dunkirk, ló já sí etíkun Sangatte nílẹ̀ Faransé. Yanrìn bò ó títí di 1986 kí wọ́n tó hú u jáde, ó sì tún fò ní 2014. Tí ẹ bá wò ó látòkè, àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé ni. Àmọ́ tó bá ń kọjá lórí yín, ẹ ó rí i pé abẹ́ apá òsì dúdú, ti ọ̀tún funfun, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílẹ̀ lè dá a mọ̀. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni àṣẹ dé pé kí abẹ́ gbogbo bàlúù ìjà bẹ́ẹ̀ di àwọ̀ ojú ọ̀run tó fara jọ ewé. Péńtà tó bá fi àwọ̀ yẹn kun abẹ́ N3200 ti purọ́, bí kò tiẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

Ìwé àṣẹ wúlò, àmọ́ ọ̀dà tí ọ̀gá kọ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ni ọmọ iṣẹ́ máa ń rí ní pápá. Fọ́tò náà, ẹ fura sí i. Irú fíìmù kan wà láyé ìgbà yẹn tí kì í rí pupa: pupa á dúdú kirikiri, yẹ́lò náà á ṣókùnkùn. Òrùka yẹ́lò tó yí àmì búlúù, funfun àti pupa ara bàlúù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká á wá dà bí ohun tí wọ́n fi èédú fà.

Ohun tí mo gbà gbọ́ jù ni páànù fúnra rẹ̀. Mo máa ń wá ibi tí oòrùn ò dé, bí ẹ̀yìn ìdérí kékeré kan. Mo á rẹ sánpépà tó kúnná jù sínú omi, mo á máa fi yí ojú kan roboto, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láì tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ fàdákà tí wọ́n kùn lẹ́yìn ogun á ṣí kúrò, àwọ̀ eérú á yọ, àwọ̀ ilẹ̀ á yọ lábẹ́ rẹ̀, práímà á tẹ̀lé e, òrùka nínú òrùka bí àlùbọ́sà tí wọ́n là. Oṣù Kẹjọ ọdún 1941 ni wọ́n fi eérú rọ́pò àwọ̀ ilẹ̀, nítorí náà mo ti mọ̀ pé bàlúù tí àwọ̀ ilẹ̀ bá wà lábẹ́ eérú lára rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ìlà dúdú àti funfun ti oṣù Kẹfà 1944 ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti oníbàárà. Ìlà márùn-ún ni, ínǹṣì 18 ní fífẹ̀, tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ní kánjúkánjú kí ogun tó kọjá sí Normandy. Oníbàárà fẹ́ kó gún régé. Èmi fẹ́ kó wọ́ díẹ̀. Ti dídán, mo lè gbà fún un díẹ̀, torí ọ̀dà tí kò dán rárá máa ń gba èéfín àti ọ́ìlì sára. Àmọ́ n kì í jẹ́ kí wọ́n to ọ̀dà lé ọ̀dà lórí ìtọ́kọ̀ aláṣọ tó wà nírù: tó bá wúwo jù lẹ́yìn, á máa gbọ̀n lófuurufú, ìyẹn sì lè fa ikú.

Bó bá ṣe tèmi ni, lẹ́tà DL ni mo máa kọ sára Spitfire. Ti ikọ̀ 91 àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí wọ́n fi Nàìjíríà sọ lórúkọ, tó fi Spitfire lé bọ́ǹbù V-1 àwọn Jámánì lọ́dún 1944. Bí ẹnì kan bá sì tún bàlúù ajubọ́ǹbù Halifax tò, kó rántí èyí tí Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, bá ikọ̀ 76 fò, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ "Achtung! The Black Prince" sí nímú nítorí rẹ̀.

Bí ẹbí yín kan bá ṣiṣẹ́ nídìí bàlúù nígbà ogun yẹn, tí fọ́tò rẹ̀ sì wà nínú àpótí nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀ǹpútà kun àwọ̀ sí i. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá déètì wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ìkán tó jẹ ẹ́.