Àwòrán Tó Ń Mí

Àǹtí Skánì ni wọ́n ń pè mí ní Ìlaròó. Nínú gbogbo ohun tí mo ń bá àwọn dókítà wá, òkúta inú àpò òróǹro ni mo fẹ́ràn jù. Màá da jẹ́ẹ̀lì sábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, màá ní kí aláìsàn mí sínú kó dá a dúró, ẹ̀dọ̀ á sì rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọwọ́ mi. Ohùn tí etí kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ skánì mi ń rán wọlé. Òkúta kì í jẹ́ kó kọjá, ìdí nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ fi ń funfun báláú, tí òjìji dúdú sì ń nà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, mi ò ní tíì sọ̀rọ̀. "Ẹ fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀." Bí ohun funfun náà bá yí tẹ̀lé e, òkúta ni. Bí kò bá kúrò lójú kan, ó lè jẹ́ ẹran ló hù síbẹ̀, tàbí kó jẹ́ òkúta tó ti há sí ọrùn àpò náà.

Àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde wà lára àwọn tí òkúta yìí ń bá jà jù, torí ẹ̀jẹ̀ wọn ń tètè fọ́.

"Àǹtí, ṣé wọ́n á la inú ẹ̀ ni?"

"Rárá, Màmá. Ihò kéékèèké ni."

Inú mi máa ń dùn láti dáhùn bẹ́ẹ̀. Láti 2009 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéwálé Adísà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ abẹ tó ń gba ojú ihò kò lè tọwọ́ bọ inú. Òkè ẹran nìkan ni kámẹ́rà ń fi hàn án. Ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé, Jacques Marescaux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ní 2004 bí wọ́n ṣe da àwòrán CT bo fídíò iṣẹ́ abẹ, nígbà tí wọ́n ń yọ ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín. Iṣẹ́ ńlá ni! Iṣan tó fara pa mọ́ hàn kí ọ̀bẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ ìṣòro kan wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn ni wọ́n ti ya àwòrán CT. Bí ikùn bá ti wú, ẹ̀dọ̀ á kúrò ní àyè rẹ̀, á sì tún máa lọ sókè sódò bí aláìsàn ti ń mí, àwòrán àná kò sì mọ̀. Ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ lẹ́bàá ojú ọ̀nà òróǹro lè sọ ènìyàn di aláìlera títí ayé. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ẹ̀rọ olóhùn wa. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti wà, tó ń gba ojú ihò wọlé, tí wọ́n ń gbé lé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ló ń yà. Bí ohun kan bá máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìlaròó, òun ni mo fẹ́.

Yóò nílò ojú tó ti mọ òjìji. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń fi han àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nìyẹn: òjìji òkúta dúdú, ó mọ́ kedere, ti afẹ́fẹ́ inú ìfun rú, ó sì máa ń yí padà bí ìfun bá ti ń rìn.