Ohùn Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀rọ̀ Yorùbá: Orin Kérésìmesì Nínú Ẹbí

Ilé tí ọkọ ti jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí ìyàwó sì ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù wá, kò ṣe àjèjì láàrin wa. Bí ọdún Kérésìmesì bá dé sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ìrẹsì àti adìẹ kì í dá ìjà sílẹ̀. Orin ni àríyànjiyàn máa ń dá lé. Baba yóò ṣí ìwé orin, yóò fi ohùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àwọn ẹbí ìyá yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò lùlù sí tiwọn. Àwọn kan a máa pe èyí ní àmúlùmálà. Lójú tiwa, ẹ̀sùn náà ṣìnà.

Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: nínú ìdàpọ̀ yìí, kí ni a pàdánù? Èdè olóhùn ni Yorùbá. Bí ohùn orin bá wálẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, ìtumọ̀ lè dàrú. ‘Wá’ lè di ‘wà’. Èyí tí ó burú jù ni pé ‘bí’, tí í ṣe kókó ọdún náà, lè di ‘bì’, bí ẹni pé oúnjẹ tí inú kọ̀ ni ọmọ tí a bí. Àgbà kì í fura, nítorí ó ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó gbọ́. Ọmọdé ni yóò rẹ́rìn-ín, kò sì jẹ̀bi: etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ Yorùbá.

T. K. E. Phillips rí àléébù yìí. Ó kọ́ nípa orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì, Màrínà, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní 1953, ó fi hàn pé ó yẹ kí ohùn orin tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, kò lé dùùrù jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun èlò lè jẹ́ àlejò; ọ̀rọ̀ ni baálé.

Ẹnìkan lè ní orin àtijọ́ náà ti di tiwa, pé òun ni bàbá òun fi rẹ òun nígbà èwe. Òótọ́ ni, a kò ní kí a jù ú nù. Ṣùgbọ́n kí a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò, kí ohùn àti ìtumọ̀ lè jọ rìn. Ẹsẹ tí kò bá ṣeé tún tò, kí àwọn ẹbí ìyá fi ìlù gbé tiwọn rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ inú ilé bá gbọ́ ‘bí’, tí kò gbọ́ ‘bì’, ni ọdún ẹbí méjèèjì tó di ọ̀kan.