Ọ̀rọ̀ Tí Ọba Sọ Kó Tó Kú: Àgbéyẹ̀wò Eré “House of the Dragon”

 

Eré kan wà tí àwọn ọmọ wa ń wò. Bí bàbá bá ti wọlé, wọn a yára pa á, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí ojú rí. House of the Dragon ni orúkọ eré náà, ilé-iṣẹ́ HBO ti Amẹ́ríkà ló sì ṣe é. Ọ̀pọ̀ òbí ti sọ pé haráàmù ni, wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, èmi náà yóò sì dé orí rẹ̀ kí n tó parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ti wò tán, tó ń rò lọ́kàn, ó yẹ kí àgbàlagbà kan jókòó tì í, kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtàn tó ṣáájú ìtàn ni eré yìí. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, Game of Thrones, bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ó sì parí ní 2019. Ìparí rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ òǹwòran nínú, ṣùgbọ́n HBO kò fẹ́ kí ọjà náà tú mọ́ wọn lórí. Láti 2017 ni wọ́n ti ní kí àwọn òǹkọ̀wé máa gbé ìtàn tó ṣáájú wá. Ọ̀kan nínú wọn dé ojú kámẹ́rà ní 2019 ní Àríwá Ireland, Naomi Watts sì wà nínú rẹ̀. Bob Greenblatt, tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ nígbà náà, sọ pé owó tó lé ní 30 mílíọ̀nù dọ́là ló bá a lọ. Wọ́n wò ó, kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú oṣù kẹwàá ọdún náà ni ìròyìn ikú rẹ̀ jáde, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì kéde House of the Dragon, apá mẹ́wàá, láìdán an wò rárá.

George R. R. Martin, ẹni tó kọ ìwé tí eré náà ti jáde, àti Ryan Condal ló dá a sílẹ̀. Condal àti Miguel Sapochnik ló jọ darí apá ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni Sapochnik fi í sílẹ̀. Oṣù kẹrin 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya á, ní Leavesden nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Cornwall, ní Sípéènì àti ní Pọtogí. Ní 21 oṣù kẹjọ 2022 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́, àwọn tó wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà ní Amẹ́ríkà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ìkejì, tó jẹ́ apá mẹ́jọ, dé ní oṣù kẹfà 2024.

Bí a bá mú àwọn dírágónì kúrò nínú ìtàn náà, ọ̀rọ̀ ogún ló kù. Ọba Viserys kò ní ọmọkùnrin. Ó fi Rhaenyra, ọmọbìnrin rẹ̀, ṣe àrólé, ó sì mú kí àwọn ìjòyè búra fún un. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ Alicent, ọ̀rẹ́ ọmọ náà, ó sì bí ọkùnrin. Nígbà tó kú, àwọn ará ilé ìyàwó kejì gbé adé lé Aegon lórí, ogun sì dé. Kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ni Martin ti rí i. Ọba Henry Kìn-ín-ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó rì ní 1120. Ó mú kí àwọn ìjòyè búra fún Matilda, ọmọbìnrin rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1135, Stephen, ọmọ arábìnrin rẹ̀, gba adé, wọ́n sì ja ìlú náà di ahoro títí di 1153. Àwa tí a dàgbà nínú agbo ilé ńlá kò nílò àlàyé púpọ̀. Àwa náà ti rí ọmọ bàbá kan náà tí wọn kì í kí ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá.

Ìwé tí wọ́n ti mú eré náà jáde ni Fire & Blood, 2018. Martin kò kọ ọ́ bí ìtàn àròsọ lásán. Ó kọ ọ́ bí ẹni pé òpìtàn kan ló ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ti kọjá, tí òpìtàn náà sì ń wọn ọ̀rọ̀ àwọn tó gbà á lẹ́nu wọn: àlùfáà kan tó ń gbè sẹ́yìn apá kan, apanilẹ́rìn-ín ààfin tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rírùn, àti ọ̀mọ̀wé kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó níwájú áfáà tó mọ̀ nípa hádíìsì yóò mọ iṣẹ́ yìí: ta ló sọ ọ́, ta ló gbà á lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, ṣé olóòótọ́ ni? Adùn ìwé náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè sọ pé “àwọn kan ní báyìí, àwọn mìíràn ní báyẹn.” Àwọn aṣeré gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Ohun tí wọ́n mú, àti ohun tí wọ́n fi kún un, ni ó yẹ kí á bi wọ́n.

Ohun méjì ni mo rí. Nínú ìwé, ojú oorun ni ọba kú sí, kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ tó lè rúni lójú. Nínú eré, oògùn ti mú un, kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́. Ó rò pé Rhaenyra ni òun ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ń ráhùn nípa àlá Aegon kan tó ti kú tipẹ́. Alicent gbọ́ “Aegon,” ó gbà pé ọmọ òun ni. Ìkejì: nínú ìwé, Aemond mọ̀ọ́mọ̀ lépa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọbàkan lójú òfuurufú ni, ó sì pa á. Nínú eré, ó kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni, dírágónì rẹ̀ ló kọ̀ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́.

Ibi méjì tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ìwé, ìṣèèṣì ni eré fi rọ́pò rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀: wọ́n fẹ́ kí àánú apá méjèèjì máa ṣe wá. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé èrò ọkàn la fi ń díwọ̀n iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbèrò ibi, ta la fẹ́ dá lẹ́jọ́? Eré náà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ tú ara rẹ̀ fó: kí Alicent tó sọ ohun tó gbọ́, àwọn ìgbìmọ̀ ti di ọ̀tẹ̀ wọn tipẹ́ láìsọ fún un. Àìgbọ́-ọ̀rọ̀-yé kọ́ ló fa ogun náà, ìbúra tí wọ́n dà ni.

Síbẹ̀, mi ò ní fi gbogbo ẹ̀bi kan eré náà. Paddy Considine, tó ṣe Viserys, ṣe ohun tí ìwé kò ṣe. Ní apá kẹjọ, àìsàn ti jẹ ìdajì ojú ọba náà. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn la gbọ̀ngàn kọjá lọ sórí ìtẹ́, kó lè gbèjà ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó bẹ̀ wọ́n nídìí oúnjẹ pé kí wọ́n parí ìjà nítorí òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ife síra wọn. Bí wọ́n ti gbé e kúrò nídìí tábìlì, ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Baálé ilé tó bá wo ibẹ̀ tí omi kò dà lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ le.

Ní ọdún kejì, wọ́n yọ ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Maelor kúrò. Nínú ìwé, àwọn apànìyàn ní kí ìyá rẹ̀ yan èwo nínú ọmọkùnrin òun méjèèjì ni kí wọ́n pa. Ọmọ ọwọ́ ṣòro láti darí níwájú kámẹ́rà, owó sì tún wà níbẹ̀, nítorí náà wọ́n fi ọmọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀. Yíyàn ti bọ́ nìyẹn. Martin fúnra rẹ̀ kọ ẹ̀hónú rẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024, kó tó tún yọ ọ́ kúrò. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìrora ìyá náà ni gbogbo ìtàn náà dúró lé lórí níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ìhòhò wà nínú eré yìí, ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ àbúrò, bàbá ń fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìpànìyàn sì pọ̀. Kì í ṣe ti ọmọdé, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá a. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti wò ó, ẹ má ṣe mú dírágónì nìkan bọ̀ níbẹ̀. Ẹ mú ìbéèrè kan bọ̀: kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo fi lè gbé adé fúnni? Ẹlẹ́rìí kan, òun náà sì ni ìyá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣe láǹfààní! Sūratul-Māidah ti sọ̀rọ̀ nípa ẹlẹ́rìí méjì, olódodo, nídìí àsọọ́lẹ̀ ẹni tí ikú dé bá. Sūratun-Nisāi sì ti pín ogún kí ẹnikẹ́ni tó kú. Ẹ̀yin baba, bí ẹ bá ní gbèsè, bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ohùn yín ṣì dá ṣáká, kí ẹ sì pe ẹlẹ́rìí. Ọba Viserys ní ogún ọdún láti ṣe é.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ilé wa tú lẹ́yìn wa. Āmín.