Ginger Kì í Ṣe Atalẹ̀: Orúkọ Àwọ̀ nínú Ìwé Apẹja Kan

Ìwé Caddisflies tí Gary LaFontaine tẹ̀ jáde lọ́dún 1981 kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́ èdè, ìwé apẹja ni. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwọ̀ yóò rí ẹran jẹ nínú rẹ̀, yóò sì bá egungun pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná. Inú omi ni kòkòrò caddis ń gbé nígbà tó ṣì jẹ́ ìdin. Púpọ̀ nínú wọn máa ń fi iyanrìn tàbí igi wẹ́wẹ́ kọ́ ilé sí ara. Tó bá yá, á wọ ìpele tí àwọn onímọ̀ kòkòrò ń pè ní pupa, kì í ṣe pupa tiwa o! Lẹ́yìn náà ni yóò gòkè wá sójú omi, tí yóò sì fò lọ. Bó ṣe ń gòkè yìí ni ẹja trout ń gbé e mì. Apẹja á wá yí irun ẹranko tàbí òwú mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ ọ́; irun yìí ni wọ́n ń pè ní dubbing.

LaFontaine, tó ń gbé ní Montana, wọ inú odò lọ láti wo kòkòrò náà níbi tí ẹja ti ń wò ó. Ó ní ara rẹ̀ ń tàn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Ló bá mú Antron, òwú kápẹ́ẹ̀tì, torí ó máa ń di afẹ́fẹ́ mú nínú omi. Ibi tí ìwé náà ti dùn jù nìyẹn.

Orúkọ àwọ̀ ni mo bá a jà sí. Ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ mẹ́rin tó gbára lé jù ni ginger. Ginger wo? Tí Yorùbá bá gé atalẹ̀, inú rẹ̀ á pupa rúsúrúsú. Ìyẹ́ àkùkọ tó pupa díẹ̀, tó sì ṣì, ni àwọn tó ń so ìwọ̀ ní lọ́kàn. Orúkọ tó fara ti nǹkan kò lè ran ẹni tí kò mọ nǹkan náà lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, irun tó bá rẹ sómi á dúdú ju ti inú páálí lọ.

Látìgbà tí Berlin àti Kay ti kọ ìwé wọn lórí orúkọ àwọ̀ lọ́dún 1969, àwọn kan ń fi dúdú, pupa àti funfun wa ṣe ẹlẹ́yà, bíi pé mẹ́ta kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n a kì í dúró síbẹ̀. A ń sọ pé ó dúdú minimini, ó pupa fòò, ó funfun báláú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí ló ń sọ bó ṣe tàn tó, bó ṣe ki tó. Ohun tí LaFontaine rí lábẹ́ omi gan-an nìyẹn: dídán ni, kì í ṣe àwọ̀ lásán. Ó tiẹ̀ pe ìwọ̀ rẹ̀ ní Sparkle Pupa. Kí ló wá dé tí àwọn tó ń tẹ̀ lé e fi ń jà lórí oríṣi àwọ̀ ewé?

Ẹ ka ìwé náà, ó tó kà. Àmọ́ ẹ rẹ irun yín sómi kí ẹ tó fi wé kòkòrò, kí ẹ sì wò ó nínú oòrùn. Ẹ̀yin tó ń sọ ẹ̀ka-èdè mìíràn, kí lẹ ń fi tẹ̀ lé dúdú tàbí pupa nílé yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.