Ẹlẹ́sẹ̀ àti Táǹkì Nínú Advance Wars

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, géèmù ogun yìí, tó jáde ní 2001, dà bí ayò: ìwọ ta, èmi náà ta. Ẹlẹ́sẹ̀ kan, 1,000. Táǹkì kan, 7,000. Táǹkì á fọ́ ẹlẹ́sẹ̀ yángá, àmọ́ kò lè gun òkè, kò lè la odò kọjá, kò sì lè gba ìlú. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nìkan ló lè ṣe é. Ìyẹn dáa: àgbá ń pani, ẹsẹ̀ ló ń gba ilẹ̀.

Iye owó yẹn ni àbùkù rẹ̀. Nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀ ò wọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá á kàn fi wọ́n dí ọ̀nà, kí táǹkì ọ̀tá máa pa wọ́n, kí tirẹ̀ lè ráyè dé. Bí ikú wọn bá ń dín owó tó ń wọlé láti ìlú wọn kù ni, ta ló máa fi wọ́n ṣòfò?

Ó mú mi rántí odò Yemoji, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa, ní oṣù Karùn-ún 1892, nígbà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wa dojú kọ ìbọn Maxim àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ogun ni èdè wa ń pè wọ́n. Ọmọ ta ni? Géèmù náà kò bi wá. Ẹ máa gbá a o, ṣùgbọ́n ẹ máa bi ara yín.