Eyín Ike àti Eyín Ènìyàn: Àyẹ̀wò Ọ̀nà Ìkọ́ni ní Ìtọ́jú Gbòǹgbò Eyín

Láti Fádèyí, ọ̀nà kò jìn sí Ìdí-Àràbà, níbi tí Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn eyín. Ọ̀rọ̀ yìí kan ará àdúgbò tí eyín ń dùn: bí a kò bá lè gbẹ́ ihò gbòǹgbò eyín náà, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì dí i dáadáa, yíyọ ni.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ẹnu aláìsàn, orí ère ni a fi ń kọ́ ọ. Oswald Fergus ni ó gbé irú rẹ̀ jáde ní 1894. Eyín inú rẹ̀ lè jẹ́ ike, ó sì lè jẹ́ èyí tí a yọ lẹ́nu ènìyàn. Àwọn tí ó fara mọ́ ike ní ó mọ́ tónítóní, ọgbọọgba ni fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, máàkì rẹ̀ sì rọrùn. A gbà. Ṣùgbọ́n ike kò le tó eyín, ihò inú ike tí ó mọ́ gaara sì hàn kedere sóde. Àkọ́kọ́ nínú àwọn eyín ńlá òkè tí a fi ń rún oúnjẹ sábà máa ń ní gbòǹgbò mẹ́ta, síbẹ̀ ihò mẹ́rin ni a máa ń bá nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìkẹrin ni ó ń fara pamọ́, tí kòkòrò àrùn fi ń kù síbẹ̀.

Eyín ènìyàn náà ní wàhálà tirẹ̀. A gbọ́dọ̀ pa kòkòrò ara rẹ̀. Èyí tí a sì fi amágámù dí kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìgbóná, nítorí èéfín mákúrì. Ẹnìkan ni ó sì pàdánù rẹ̀, bóyá nítorí pé owó ìtọ́jú gbòǹgbò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ní tiwa, kí ike ṣáájú, kí ó tọ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dé ọ̀dọ̀ aláìsàn láìtíì wá ihò kẹrin náà nínú eyín ènìyàn, kí fọ́tò X-ray sì jẹ́rìí sí i.